Ìlà tó yí orí Bàbá Ìbejì ká: bí a ṣe ń gẹ irun ọkùnrin nílé kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, Bàbá. Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ là ń gbé. Ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló máa ń lọ gẹrun lọ́dọ̀ bábà, owó rẹ̀ sì ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Mo ra kílípà oníbátìrì kan ní Ọjà Ọba, mo sì gẹ irun bàbá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kéré, kí òkè pọ̀ díẹ̀. Ike tí a ń ki bọ ẹnu kílípà, èyí tí wọ́n kọ 3 sí lára, ni mo fi gẹ ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ kó kan awọ orí, ìlà kan sì yí orí rẹ̀ ká bí ẹni dé filà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ojú kan sì tún ń pá lórí Kẹ́hìndé, ó funfun, ó ń bó, ó ń yún un. Ṣé mo lè gẹ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Orí Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ má fi kílípà yẹn kàn án. Ojú tó ń pá lórí ọmọdé, tó funfun, tó ń bó, tó sì ń yún un, làpálàpá ló sábà máa ń jẹ́. Àrùn náà máa ń wọnú irun fúnra rẹ̀ lọ títí dé gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí ìpara tí a ń fi pa á lórí kì í fi í ká a. Oògùn gbígbé mì ni dókítà máa ń kọ fún ọmọ, yóò sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà lẹ́yìn tí ojú náà bá ti ń jọ pé ó ti san. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Àkúrẹ́ níbí.

Ẹ yẹ orí Táíwò náà wò. Ẹ ya irun rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ lè rí awọ orí. Àwọn ìbejì kì í yéé sùn sórí ìrọ̀rí kan náà, wọn kì í yéé dé filà ara wọn, ibẹ̀ sì ni làpálàpá máa ń gbà bọ́ sórí ẹnì kejì. Títí dókítà yóò fi sọ pé ó ti tán, kí Kẹ́hìndé ní ìyarí tirẹ̀, kó ní táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Bí kílípà yín bá ti kan orí rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé sí mi, mo máa sọ bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́.

Ó wá ku Bàbá Ìbejì.

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ tàn yín jẹ. Nọ́ńbà tí àwa bábà ń pè, ínǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìlú Sterling ní Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni Leo Wahl wà nígbà tó kọ̀wé béèrè ìwé àṣẹ lórí kílípà oníná ní 1919, ínǹṣì sì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún títí dòní. Nọ́ńbà 1 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì, èyí tó jẹ́ mìlímítà 3. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: nọ́ńbà 2 jẹ́ mìlímítà 6, nọ́ńbà 3 jẹ́ nǹkan bíi 10, nọ́ńbà 4 jẹ́ nǹkan bíi 13. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn kílípà kéékèèké oníbátìrì tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba àti lójú títì Ọba Adésídà, mìlímítà ni wọ́n kọ sí ara ike wọn. 3 tiwọn, nọ́ńbà 1 tiwa ni. Ẹ rò pé ẹ ń fi irun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ yín, mìlímítà mẹ́ta péré lẹ sì fi sílẹ̀.

Ẹ gbé ike náà sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wò bóyá "mm" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ki ike náà bọ ẹnu kílípà, kí ẹ gba rúlà àwọn ọmọ, kí ẹ wọn ibi tí eyín irin wà sí ibi tí eyín ike yóò ti kan awọ. Ẹ fi bírò kọ ohun tí ẹ bá rí sẹ́yìn ike kọ̀ọ̀kan. Láti ibí lọ, bí mo bá ti pe nọ́ńbà, ti àwa bábà ni mò ń pè. Ẹ wo mìlímítà rẹ̀ lára ike tiyín. Bí kílípà yín kò bá ní ike tó ju mìlímítà 3 lọ, kò lè ṣe irun tí Bàbá Ìbejì ń fẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún etí irun, kí ẹ wá èyí tí ike rẹ̀ dé 13.

Ohun kejì ni ibi tí ọwọ́ yín dúró sí. Ìlà tó yí orí ká máa ń wà níbi tí ẹni tó ń gẹrun ti dáwọ́ dúró. Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ gbé kílípà láti ìsàlẹ̀ etí, ẹ tì í gbọnrangandan lọ sókè, nígbà tí ẹ rò pé ó tó, ẹ yọ ọ́. Irun tó wà lókè ibi tí ẹ ti yọ ọ́ nípọn, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ojú sì gbọ́dọ̀ rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ yí orí po, ìlà sì yí orí po. Irun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀, kí èèyàn má lè fi ìka kan ibì kan kó ní ibí ni gígùn ti parí. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, láti orí nọ́ńbà ńlá ni a ti ń bọ̀ wá sórí kékeré. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí nílé máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kékeré torí pé ẹ̀gbẹ́ kíkéré ni wọ́n ń wá, wọn á sì ti gẹ ohun tí wọn kò lè lẹ̀ padà.

Kí ẹ tó tan kílípà, ẹ múra orí náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ orí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí irun gbẹ dáadáa. Irun tó tutù máa ń lẹ̀ mọ́ra, kílípà á gẹ àwọn kan, á fo àwọn kan. Ìpara orí náà á dí ẹnu kílípà pa, torí náà kó má fi nǹkan kan pa á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fi ìyarí ya irun náà títí yóò fi dìde.

Ọ̀sán ni kí ẹ gẹ ẹ́. Ẹ gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá. Gílóòbù orí àjà máa ń ta òjìji sẹ́yìn etí àti sísàlẹ̀ ìpàkọ́, ẹ ó máa rò pé irun ṣì pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa gẹ ẹ́ lọ. Àga náà kò gbọdọ̀ ga jù. Kí orí rẹ̀ wà ní ìwọ̀n àyà yín, kí ẹ má baà máa na apá sókè, torí apá tó bá ti rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ ká tíṣù mọ́ ọrùn rẹ̀, kí ẹ wá fi ìró àtijọ́ kan bò ó. Bí ooru bá mú, tí òógùn ń yọ, ẹ fọ́n páúdà díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀bá etí. Awọ tó bá tutù fún òógùn, kílípà kì í yọ̀ lórí rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ wo orí náà. Ẹ má tíì gẹ nǹkan kan. Ẹ mú ìyarí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ kan òkè etí. Ẹ ó rí i pé ó lẹ̀ mọ́ orí dé ibì kan, lẹ́yìn náà ni orí máa tẹ̀ wọlé lọ sókè, tí àlàfo á sì wà láàárín rẹ̀ àti ìyarí. Ibi tí orí ti fi ìyarí sílẹ̀ yẹn ni ààlà. Òkè orí ni ohun tó bá wà lókè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí sì ni ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá kejì. Lẹ́yìn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín wá ìpàkọ́, ibi tí eegun ti yọ díẹ̀. Ààlà ti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ga ju orí eegun yẹn lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Orí kò rí bákan náà, ibí ni mo sì ti máa ń bẹ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n mú sùúrù. Bí ìpàkọ́ ènìyàn bá yọ púpọ̀, bí ẹ bá gẹ irun orí rẹ̀ kéré, ṣe ni ẹ ń fi í han gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí irun orí eegun náà nípọn díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀gbẹ́ bá kéré lọ sókè jù, ojú á tún dà bí ẹni gùn sí i. Ti olójú róbótó, ó lè gba kí ẹ̀gbẹ́ kéré gan-an, ó sì máa ń yẹ ẹ́. Àpá tó ti wà lórí láti kékeré náà ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ọkùnrin tí kò ní i. Ẹ wá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ohun tó kéré ju nọ́ńbà 2 gba orí rẹ̀.

Ẹ ki nọ́ńbà 4 bọ kílípà, kí ẹ gẹ gbogbo orí. Láti ìsàlẹ̀ sókè ni fún ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, láti iwájú lọ sẹ́yìn fún òkè. Ẹ fiyè sí ohun kan: bí ẹ bá kọjú kílípà sí ibi tí irun ti ń hù wá, yóò gẹ kúrú, bí ẹ bá bá irun lọ síbi tó sùn sí, ike kan náà yóò fi irun púpọ̀ sílẹ̀. Torí náà kí ọwọ́ yín máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ní àtàrí, irun máa ń yí po bí òòyì. Ẹ gba ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ibẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Ẹ má tẹ kílípà mọ́ orí, ẹ má sì kánjú. Ike náà ló ń wọn irun, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ jẹ́ kí ó tẹ́ mọ́ awọ.

Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà 3, láti ìsàlẹ̀ dé ààlà tí ìyarí fi hàn yín. Ibí ni ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ wà. Bí kílípà bá ti ku bíi ìka kan kó dé ààlà, ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yín máa yí síta, kí ẹnu kílípà máa kúrò lára orí díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá fi máa dé ààlà, afẹ́fẹ́ ló ń gẹ. Ọwọ́ kò dúró, kílípà ló fi orí sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi apá ara yín kọ́ ọ pẹ̀lú kílípà tí ẹ kò tàn: láti ọrùn ọwọ́ lọ sí ìgúnpá, kí ẹ yí i síta kó tó dé ìgúnpá. Ẹ máa ṣe é títí tí kò fi ní ṣòro fún yín mọ́, kí ẹ tó wá sórí ènìyàn.

Nọ́ńbà 2, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ó parí ní ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀ ààlà. Nọ́ńbà 1, kí ó má kọjá ìka kan sókè etí, àti níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Bàbá Ìbejì lè ní kí ẹ yọ ike kúrò pátápátá, kí ìsàlẹ̀ di awọ bí ó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ bábà. Ẹ má dá a lóhùn lọ́dún yìí. Láti awọ dé mìlímítà 3 ni ìlà ti máa ń hàn jù lọ, ìyẹn sì ni apá tí ó ń pẹ́ jù kí ọmọṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà 1 nísàlẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì bọ̀wọ̀ fún ọ́fíìsì, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún òde.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, ẹ ó ṣì rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí nọ́ńbà kan ti pàdé èkejì. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ dijú sí àárín. Bí ẹ bá dijú bẹ́ẹ̀, ojú kò ní rí fọ́nrán irun mọ́, ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa rí. Ibi tó dúdú ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Èyí tó mọ́lẹ̀ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, bí ẹ bá tún kàn án, yóò mọ́lẹ̀ sí i, ìlà á sì tún gbéra sókè. Bí kílípà yín bá ní lífà, ọwọ́ irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló wà fún iṣẹ́ yìí. Bí a bá tì í sókè, ẹnu kílípà á padé, á gẹ kúrú. Bí a bá fà á wálẹ̀, ẹnu á ṣí, á fi díẹ̀ sílẹ̀ sí i. Nọ́ńbà 1 pẹ̀lú lífà nílẹ̀ wà láàárín nọ́ńbà 1 àti 2, òun ló sì ń pa ìlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Etí ẹnu kílípà ni kí ẹ lò, kì í ṣe gbogbo ẹnu rẹ̀: ẹ fi kan ibi dúdú náà, kí ẹ yí i síta, ẹ tún fi kàn án, kí ẹ yí i síta.

Ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn orí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó sọ pé ó parí. Ojú tó ti ń wo orí kan láti bí ìdajì wákàtí ti mọ́ ọn lára, kì í rí àléébù rẹ̀ mọ́, àmọ́ fọ́tò á fi hàn. Ẹ má sì fi etí wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Etí ọ̀tún àti etí òsì kì í sábà dọ́gba. Igun ojú ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Orí tó wà nílẹ̀ báyìí, tí ìlà ti yí ká, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ gẹ òkè pẹ̀lú nọ́ńbà 4. Ẹ fi nọ́ńbà 3 gba òkè ìlà náà, ìka méjì, kí ẹ yí i síta. Ẹ fi nọ́ńbà 2 gba orí ìlà gan-an. Kí ẹ wá fi nọ́ńbà 1 pẹ̀lú lífà nílẹ̀ fọwọ́ tọ́ ibi tó bá ṣì dúdú. Ẹ̀gbẹ́ yóò ga díẹ̀ ju bí ó ṣe fẹ́ lọ, ìlà kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá kọ̀ pé òun kò fẹ́ kó ga, kí ó ní sùúrù. Irun orí máa ń hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, tiwa tó ká yìí sì máa ń lọ́ra díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbẹ́ tó wà ní mìlímítà 3 á ti sún mọ́ 7, iṣẹ́ á sì rọrùn fún yín gan-an.

Ìlà iwájú orí, èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń pè ní kááfù, ẹ fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fi síbẹ̀. Irun tó bá yọ síta ìlà nìkan ni kí ẹ gẹ. Mo ti rí iwájú orí púpọ̀ lára àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tó ń gẹ ara wọn nínú yàrá: wọ́n á fẹ́ kó tọ́, apá ọ̀tún á wọlé díẹ̀, wọ́n á mú òsì bá a, ọ̀tún tún nìyẹn, títí iwájú orí ọmọ ogún ọdún á fi dà bíi ti bàbá rẹ̀. Yóò tún hù, àmọ́ yóò máa hù bí èèhù irùngbọ̀n lójú gbogbo ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀yìn ọrùn náà, ẹ má fa ìlà gbọọrọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kéré díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń gbèjà níbẹ̀ ju ẹwà lọ. Irun tiwa ká, bí a bá fá a kan awọ, ṣóńṣó rẹ̀ lè tẹ̀ padà wọnú ara, ibẹ̀ á wú, á di kókó. Lára ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, kókó ẹ̀yìn ọrùn yìí wọ́pọ̀ gan-an, bí kọ́là ẹ̀wù bá sì tún ń ha á lójoojúmọ́, ó lè le, kó kó ara jọ, kó di àpá tí irun kò ní hù lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn Bàbá Ìbejì. Bí ẹ bá bá kókó kéékèèké níbẹ̀, ẹ má fi ohun tó kéré ju nọ́ńbà 1 kan ibẹ̀ mọ́, ẹ má fi abẹ kàn án rárá, kí ó sì lọ fi han dókítà nígbà tó ṣì kéré. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kí omi inú rẹ̀ jáde ń bà á jẹ́ ni.

Mo sọ abẹ. Nínú ilé yín, ẹ má fi abẹ kún irun gígẹ. Abẹ tí a fi gé ẹnì kan tí a tún gbé kan ẹlòmíì lè gbé àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ẹnu kílípà tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn náà lè gbé e. Pé ẹ ní kílípà tiyín nílé dára gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń sọ ọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ bábà ni mò ń jẹ. Ṣùgbọ́n kílípà ilé náà, orí mẹ́ta ni yóò máa kàn, torí náà láàárín orí kan sí èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹnu kílípà kí ẹ tó gbé e sórí ẹnikẹ́ni. Irin ìsàlẹ̀, èyí tí kì í mì, ló gbọ́dọ̀ yọ síwájú díẹ̀ ju irin òkè tó ń gbọ̀n lọ. Bí irin òkè bá bá a dọ́gba tàbí tó yọ jù ú lọ, awọ orí ni yóò máa gé. Ó ní àwọn tó máa ń dìídì sún un síwájú kó lè gẹ kan awọ; ẹ má ṣe é nílé. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkùnbọ̀ oníwáyà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná fólúùtì 120 ti Amẹ́ríkà, tí ẹ bá kì í bọ iná tiwa tó jẹ́ 230, yóò jó.

Táíwò, bí orí rẹ̀ bá mọ́, ó rọrùn ju bàbá rẹ̀ lọ. Ariwo kílípà ló ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹ tan kílípà náà sí ọwọ́ rẹ̀ kí ó gbọ́ ọ, kí ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó mọ bó ṣe ń gbọ̀n, kí ẹ tó gbé e sún mọ́ etí rẹ̀. Ìdí ìpàkọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti ní rí i. Nọ́ńbà 2 yí gbogbo orí po ti tó ọmọ ilé ìwé. Ẹnu kílípà máa ń gbóná bó bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa fi kan inú ọrùn ọwọ́ yín, bí ó bá gbóná sí yín, ẹ pa á kó tutù, torí awọ orí ọmọ kò gba nǹkan mọ́ra bíi tiwa.

Fífọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹ yọ ike, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn gbogbo irun kúrò láàárín eyín irin. Bí irun bá ṣì wà níbẹ̀, oògùn kò lè dé irin. Àpótí oníná tí ẹ máa ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù bábà, tí wọ́n ń ti kílípà bọ̀, kò lè ṣe nǹkan kan fún ohun tó wà lábẹ́ irun àti ìdọ̀tí. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ náà ni. Ẹ ra sípírítì lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kí ẹ fi òwú tàbí aṣọ mímọ́ rẹ ẹnu irin náà tótó, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Kílípà gbọ́dọ̀ wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ó má sì sí ẹ̀rọ ìdáná nítòsí, torí sípírítì máa ń gbiná. Ike àti ìyarí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ rì wọ́n sínú omi tí ẹ da bílíìṣì ìfọṣọ sí, bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi omi ṣàn wọ́n. Ẹ má ri irin sínú bílíìṣì o, yóò dógùn-ún.

Bí irin bá ti gbẹ, ẹ kán òróró kílípà ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sórí eyín rẹ̀, kí ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó lè kárí, kí ẹ fi aṣọ nù ún. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ lè rọ́pò rẹ̀. Òróró tí a fi ń dín dòdò kò lè ṣe é, torí yóò lẹ̀, yóò mú irun àti eruku dání, kílípà á wá máa fa irun tu dípò kó gẹ ẹ́.